TA NI KÍ Ó FI MÍTÀ OMI SÍ ILÉ WA?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìgbà yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun èlò kan tí kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, tí a fi idẹ tàbí ike ṣe, tí ó ní ojú bí aago, tí òǹkà sì ń yí nínú rẹ̀. Mítà omi ni à ń wí. Bí ẹ bá dé Libreville, olú ìlú Gabon, tí ẹ kúrò ní títì ọlọ́dà, tí ẹ wọ inú àwọn àdúgbò tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mapane, níbi tí ilé ti fún mọ́ ara wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti ní àfonífojì, ẹ óò rí páìpù oníke tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ó kọjá lórí gọ́tà, tí ó ti ẹ̀yìnkùlé kan bọ́ sí òmíràn. Mítà kan ṣoṣo lè wà ní ìdí páìpù bẹ́ẹ̀, kí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì máa pọn omi nídìí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ní mítà ń ta omi fún ẹni tí kò ní. Òjò ń rọ̀ ní Libreville ju bí ó ti ń rọ̀ ní Èkó lọ, síbẹ̀ àwọn obìnrin àti ọmọdé ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri láàárín ìlú.

Ìbéèrè wa ni èyí: ta ni ó yẹ kí òfin fún láṣẹ láti fi mítà yẹn sí ilé? Ṣé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi nìkan ni, tàbí púlọ́ńbà tí ìjọba ti dán wò, tí ó yege, tí ó sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́? Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí a fún púlọ́ńbà oníwèé àṣẹ láyè. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ kò ní fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bínú sí wa.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kan Libreville. Ó kàn wá, nítorí pé ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá láti ilẹ̀ yìí àti láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gabon láti lọ tajà ní ọjà Mont-Bouët, láti lọ ránṣọ, láti lọ ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti púlọ́ńbà. Ó tún kàn wá nítorí pé ohun tí ojú Libreville ti rí lórí omi, òun náà ni àwọn kan ń pète láti gbé wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa.

SEEG ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè iná àti omi ní Gabon. Ní 1997, ìjọba Ààrẹ Omar Bongo gbé e fún ilé-iṣẹ́ Faransé kan, Générale des Eaux, èyí tí ó yí orúkọ padà lẹ́yìn náà tí a fi wá mọ̀ ọ́n sí Veolia, pé kí ó máa darí rẹ̀ fún 20 ọdún. Ìpín 51 nínú 100 bọ́ sí ọwọ́ wọn. Àwọn tí ó du iṣẹ́ náà ni a ní kí wọ́n sọ bí wọn yóò ti dín owó tí ará ìlú ń san kù tó, ẹni tí ó sì borí ṣèlérí láti dín in kù ní ìdá 17.25 nínú 100. Láyé ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń fi Gabon ṣe àpẹẹrẹ kiri gbogbo Áfíríkà. Ní 2017 a tún fi ọdún 5 kún àdéhùn náà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì 2018, ìjọba Gabon fi ọwọ́ agbára gba ilé-iṣẹ́ náà padà, ó ní iṣẹ́ wọn kò dára tó. Veolia kọ̀ jálẹ̀, ó gbé ẹjọ́ lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Kejì 2019 ni wọ́n parí rẹ̀, tí ìjọba Gabon sì gbà láti ra ìpín Veolia padà.

Nínú gbogbo ohun tí a kà lórí ìjà náà, owó, ìpín àti àdéhùn ni wọ́n ń sọ. A kò rí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ púlọ́ńbà. Ọ̀gá lọ, ọ̀gá dé, ẹni tí ń gbé mapane ṣì ń ra omi lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ntoum, tí ó tó nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìlú, ni a ti ń sẹ́ omi tí Libreville ń mu. Ní 2018 ni Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí ẹ̀yáwó láti fi ṣe àtúnṣe àti àfikún páìpù omi ní Libreville àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí páìpù ńlá bá tilẹ̀ gba iwájú ilé gbogbo ènìyàn kọjá, ó ku ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ tí ó wà láàárín páìpù ńlá àti ẹnu ẹ̀rọ inú ilé. Ibẹ̀ ni mítà ń gbé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí.

Ẹ jẹ́ kí á pín iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ sí mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni lílu páìpù ńlá tí ó wà lábẹ́ títì, kí a fa ẹ̀ka kan jáde wá sí ẹnu ọ̀nà onílé. Iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ni gbígbé mítà sórí ẹ̀ka náà, kí a sì so ó pọ̀ mọ́ páìpù ilé. Ìkẹta ni fífi èdìdì dì í, kíkọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ilé-iṣẹ́, àti kíka òǹkà rẹ̀ lóṣooṣù. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ omi láéláé. Páìpù ńlá jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ẹni tí ó bá lù ú lódì lè kó ẹ̀gbin sínú omi tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò mu. Èdìdì àti ìwé òǹkà jẹ́ ọ̀rọ̀ owó àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Èyí tí ó wà láàárín nìkan ni à ń jà lé lórí. Púlọ́ńbà ni ó fa gbogbo páìpù tí ó wà nínú ilé, òun ni ó gbé táǹkì gun òkè, òun ni ó so ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná. Nígbà tí ó bá wá ku ìwọ̀n gígùn ọwọ́ kan péré, a ní kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ mítà rọrùn. Ó ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé àwa ni à ń sanwó. Mítà ní ọfà ní ara tí ó ń fi ibi tí omi yóò gbà hàn. Bí a bá gbé e kọ ẹ̀yìn síwájú, òǹkà lè máa yí padà sẹ́yìn. A gbọ́dọ̀ ṣí omi kí ó kọ́kọ́ fọ páìpù mọ́ kí a tó gbé mítà sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyanrìn tí ó kù nínú páìpù yóò há sínú rẹ̀, yóò sì dá a dúró. Ọ̀pọ̀ mítà tí ń fi abẹ̀bẹ̀ ka omi ni ó fẹ́ páìpù gbọọrọ níwájú kí omi lè wọlé láìrú, nígbà mìíràn tí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá fífẹ̀ páìpù náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá dagẹ̀rẹ̀, omi tí ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yóò kọjá láìjẹ́ pé wọ́n kà á. Èyí tí ó jẹ́ ti àwa tí omi wa ń dá, tí ó ń dé, ni ti afẹ́fẹ́. Nígbà tí omi bá dá, afẹ́fẹ́ a kún inú páìpù. Nígbà tí omi bá ń bọ̀, yóò máa lé afẹ́fẹ́ náà síwájú, afẹ́fẹ́ yóò gba inú mítà kọjá, abẹ̀bẹ̀ yóò sì yí bí ẹni pé omi ni.

Ojú tèmi gan-an rí èyí. Ní àdúgbò kan tí mo ti gbé rí, àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ilé-iṣẹ́ kan rán wá fi mítà sí ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì yára, nítorí pé iye mítà tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ ni a fi ń san owó fún wọn. Wọn kò fọ páìpù. Wọ́n gbé tèmi sínú kòtò kan ní ìdagẹ̀rẹ̀, níbi tí omi gọ́tà ti ń ṣàn wọ̀ ọ́. Oṣù méjì ni omi kò fi yọ dáadáa, ṣùgbọ́n bíìlì ń dé, ó sì ń ga sí i. Mo rò pé àwọn tí ń ka mítà ni ó ń purọ́ mọ́ mi, mo sì bá ọ̀kan nínú wọn jà lọ́jọ́ kan, èyí tí ojú ń tì mí títí di òní, nítorí pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń kà: òǹkà ń yí. Bàbá kan ládùúgbò wa, púlọ́ńbà tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà ju 30 ọdún lọ, ni ó bẹ̀ ẹ́ wò tí ó ní afẹ́fẹ́ ni mo ń rà. Ó ní ìdajì wákàtí ni òun yóò fi tún un ṣe. Mo ní kí ó bá mi ṣe é. Bàbá mi orí. Ó ní bí òun bá fọwọ́ kan èdìdì yẹn, ọlọ́pàá ni yóò wá mú òun.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni òfin kà léèwọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òfin gbà láyè, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ni ó rán an. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bá ń sọ pé kí á má gba púlọ́ńbà láyè kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi, wọ́n gbàgbé pé ní ọ̀pọ̀ ibi, iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tipẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe yìí sì ń lo àwọn ọmọ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Nítorí náà, kì í ṣe láàárín òṣìṣẹ́ ìjọba àti púlọ́ńbà ìta ni a ti ń yàn. Láàárín oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní orúkọ, tí ó ní ìwé àṣẹ tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ṣe iṣẹ́ ìkà, àti alágbàṣe tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀nà tí à ń wí. Ní ìlú New York, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, bí iwájú ilé ti gùn tó ní ojú títì ni wọ́n fi ń ṣírò owó omi tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé gbígbé, kì í ṣe bí omi tí wọ́n lò ti pọ̀ tó. Ní 1988 ni ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ètò láti fi mítà sí gbogbo ilé. Ọ̀gá púlọ́ńbà oníwèé àṣẹ ni ó ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ omi ìlú láti gbé mítà. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó bá ní rẹ́ǹsì lọ́wọ́ ni ó ń jẹ́ orúkọ náà: ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé ọ̀gá púlọ́ńbà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 7 ó kéré tán, kí ó sì yege nínú ìdánwò. Ẹgbẹ́ àwọn púlọ́ńbà náà lágbára níbẹ̀. 

A kò ní fi òótọ́ kejì pamọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ omi fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé mítà fún onílé tí ó bá béèrè, lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni, láti 2000 wá. Kò sí ẹni tí ó ń ráhùn níbẹ̀ pé púlọ́ńbà kò rí jẹ. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní òṣìṣẹ́ tí ó tó, tí ó ní mítà nílé ìkópamọ́, tí ó sì ń dé bí a bá ti pè é, ta ni yóò tún máa wá púlọ́ńbà kiri? Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ sí àyà yín kí ẹ sọ fún wa bóyá ìlú tí ẹ wà rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìlà ti gùn, tí onílé ń dúró fún oṣù púpọ̀, kì í dúró lásán. A wá ẹnì kan ní òru, a so páìpù láìsí mítà rárá, omi a sì máa lọ láìní ẹni tí ó kà á. Ilé-iṣẹ́ omi Libreville ti ráhùn lórí irú èyí, ti Èkó náà ti ráhùn. Ẹni tí ó wá ní òru yẹn, púlọ́ńbà ni òun náà. Bí a kò bá fún un ní ọ̀nà tí yóò gbà wá ní ọ̀sán, a kò gbọdọ̀ yà á sí ohun ìyanu pé òru ni ó ń wá.

Nínú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, Nàìjíríà ti tọ́ díẹ̀ nínú ọbẹ̀ yìí wò. Ní 2018, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ṣe òfin tí ó gba àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láyè láti máa pèsè mítà kí wọ́n sì máa gbé e sí ilé àwọn oníbàárà, yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná. Òfin náà ní kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 10 lọ lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti sanwó. Àjọ mìíràn, NEMSA, ni ó ń dán àwọn oníṣẹ́ iná wò tí ó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ètò tí ó dára ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀? Owó mítà onífésì kan, tí ó jẹ́ ₦36,991.50 nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ti di ₦81,975.16 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, owó orí ọjà kò sì sí nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tí ó gun òpó kò rí nǹkan kan nínú àfikún yẹn. Owó dọ́là, owó ibodè àti èrè àwọn tí ń kó mítà wọlé ni ó gbé e. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ìyàtọ̀ wà láàárín gbígba oníṣẹ́ ọwọ́ láyè àti gbígba oníṣòwò mítà láyè. Púlọ́ńbà ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Mítà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ omi, kí ó ti ilé ìkópamọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú nọ́ńbà, kí a ti dán an wò lórí tábìlì ìdánwò kí ó tó jáde. Ọwọ́ nìkan ni púlọ́ńbà ń tà.

Bákan náà, kò yẹ kí á gbàgbé irú mítà tí wọ́n fẹ́ gbé. Ní Phiri, ní Soweto, láti 2004 ni ilé-iṣẹ́ omi Johannesburg ti ń gbé mítà àsansílẹ̀ sí ilé àwọn tálákà. Lítà 6,000 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń rí lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù nígbà náà. Bí ó bá tán, omi dá nìyẹn, títí owó yóò fi wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀: kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20 tí ó jẹ́ 300 ni, fún ilé tí ènìyàn lè tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, odidi oṣù kan. Àwọn ará Phiri gbé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre ní 2008, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ lórí ìwé òfin ilẹ̀ náà dá ìlú Johannesburg láre ní oṣù Kẹwàá 2009, nínú ẹjọ́ tí gbogbo àgbáyé mọ̀ sí ẹjọ́ Mazibuko. Ìwé àṣẹ púlọ́ńbà kò lè wo irú àrùn yìí sàn. Bí ìjọba bá fẹ́ lo púlọ́ńbà wa láti gbé ohun tí yóò máa ti omi mọ́ aláìní, ó yẹ kí ẹgbẹ́ wọn ní agbára láti sọ pé rárá. Púlọ́ńbà tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ebi yóò sọ ọ́ di ọmọ ogun ẹlòmíràn.

Àwọn kan a máa rò pé mítà kò lè ṣe ènìyàn ní ibi ju ti owó lọ. Ní oṣù Keje 2019, ìlú Chicago dá gbígbé mítà sí ilé dúró, nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú omi àwọn ilé kan tí a gbé mítà sí ju bí ó ti yẹ lọ. Páìpù òjé ni ó ń gbé omi wọ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀, bí a bá sì mì ín tàbí gé e, òjé lè já bọ́ sínú omi. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ẹni tí yóò gbé mítà gbọ́dọ̀ lè mọ irú páìpù tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó fi ayùn kàn án. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé tèmi kò wo páìpù rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn wá, a kò sì ní fò ó. Ìwé àṣẹ lè di ìdènà. Ní Gánà ní 1969, wọ́n lé àwọn ènìyàn wa jáde nítorí ìwé. Ní 1978, Gabon lé àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwa náà kò mọ́ nínú rẹ̀: 1983 kò tíì pẹ́ jù fún ẹni tí ó rántí bí àwọn ọmọ Gánà ti gbé báàgì wọn kọjá Sẹ̀mẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba Gabon kéde pé àwọn òwò àti iṣẹ́ kéékèèké kan, bí ọjà títà ní àdúgbò, irun ṣíṣe àti títún fóònù ṣe, yóò di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. A mọ ìyà tí ń jẹ àwọn ọ̀dọ́ Gabon tí kò ríṣẹ́ ṣe, a kò sì ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ púlọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rí ohun tí ọwọ́ ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ tí ó bá di ẹ̀rí ibi tí a ti bí i, tàbí ti ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá, tàbí ti ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń tẹ̀ lé, kò wúlò mọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ mu omi. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ìgbà pípẹ́, ìpele 3, 2 àti 1. Ẹ jẹ́ kí ìpele 1 jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìdí tí a ó fi dá ìdánwò mìíràn sílẹ̀ tí àwọn kan yóò máa gbà owó ẹ̀yìn lé lórí.

Nísinsìnyí a padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní àwọn ilé-iṣẹ́ omi, láti Ìjú tí ó ti ń fún Èkó lómi láti ìgbà pípẹ́, títí dé Ẹlẹ́yẹlé àti Àṣejirẹ́ tí ń fún Ìbàdàn lómi. Ìbẹ̀rù yín ní ìdí. Ní 2023 ni a dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi Èkó dúró, ẹ sì rántí bí AUPCTRE, ẹgbẹ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ti jà. Kò sí púlọ́ńbà ìta kankan tí ó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Bí ètò tí à ń wí bá dé, kò gbọdọ̀ dé láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ tí ó wà kò ní lọ sílé nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ yóò tilẹ̀ pọ̀ sí i fún yín: ẹni tí yóò lu páìpù ńlá, ẹni tí yóò dán mítà wò lórí tábìlì, ẹni tí yóò lọ bẹ iṣẹ́ púlọ́ńbà wò kí ó tó fi èdìdì dì í, tí yóò sì ní agbára láti kọ̀ ọ́. Mítà kì í ṣe ohun àgbékalẹ̀ kí á gbàgbé. Ó ń gbó, ó ń lọ́ra, ó sì fẹ́ kí á yọ ọ́ kí á dán an wò lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní tábìlì ìdánwò kò ní ẹ̀tọ́ láti fi bíìlì mítà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ̀yin ni ó sì yẹ kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín kí ará ìlú tó sọ ọ́.

Ní ti ẹ̀yin púlọ́ńbà, ẹ̀yin pẹ̀lú ní ohun tí ẹ óò san. Ẹ kò lè máa dá ṣiṣẹ́ bí ẹyẹ oko kí ẹ sì fẹ́ kí á gbà yín láyè bí oníṣẹ́ ìlú. Ẹ kó ara yín jọ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye owó iṣẹ́ sí ojú pátákó kí onílé lè rí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín kọ́ mítà kí ó tó gba òmìnira. Kí ẹni tí ó bá gbé mítà kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìwé rẹ̀ sí ara àpótí rẹ̀, kí ó sì padà wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá jò láàárín ọdún kan. Ẹni tí ó bá ta èdìdì tàbí tí ó gbé páìpù yí mítà ká fún onílé olówó, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gba ìwé rẹ̀.

Bí ẹ bá pàdé ní ẹ̀ka yín ní oṣù yìí, a fẹ́ kí ẹ bi ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ yín ní ìbéèrè díẹ̀, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mítà mélòó ni ó wà ní ilé ìkópamọ́? Ta ni ó gbé àwọn tí ó wà níta báyìí, òṣìṣẹ́ tàbí alágbàṣe? Tábìlì ìdánwò ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Oṣù mélòó ni onílé ń dúró lẹ́yìn tí ó bá ti sanwó? Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Libreville, ẹ béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá púlọ́ńbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìṣáájú ṣì wà ní àdúgbò náà. Mo kí i nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní mítà náà ṣì wà nínú kòtò rẹ̀, ní ìdagẹ̀rẹ̀, èdìdì rẹ̀ kò sì tíì já.